Igi Tí Àdán Gbìn Kò Sí Nínú Ìwé Òfin

Ẹyẹ kan wà tí kò sí níbòmíràn láyé àfi ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìbátan ẹ̀gà ni. Dúdú ni gbogbo ara akọ rẹ̀, àfi atàrí, ẹ̀yìn ọrùn àti àyà, tí wọ́n pupa bí ìgbà tí èèyàn fi osùn kùn wọ́n. Agbègbè Ìbàdàn, Ifẹ̀, Ìpẹru àti Ìlarò ni wọ́n ti ń rí i. Lọ́dún 1958 ni J. H. Elgood, tó jẹ́ olùkọ́ nípa ẹ̀kọ́ ẹranko ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ fún àwọn onímọ̀, orúkọ ìlú náà ló sì fi sọ ọ́: Malimbus ibadanensis. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu àkúrun. Ọmọ Ìbàdàn tí kò rí i rí pọ̀ ju èyí tó rí i lọ, a ò sì lè bá wọn wí. Ẹyẹ igbó ni, igbó ọ̀hún ló sì ń tán lọ.

Bí irú ọ̀rọ̀ báyìí bá délẹ̀, ìjọba ni gbogbo wa máa ń kọjú sí. A ó ní kí wọ́n dá igbó sí, kí wọ́n gba ẹ̀ṣọ́ sí i, kí wọ́n mú àwọn tó ń gé gẹdú lóru. Ó yẹ kí wọ́n ṣe é. Erin ṣì wà nínú igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, bí kì í bá ṣe pé wọ́n ti ya igbó náà sọ́tọ̀ láti ayé ìjọba òyìnbó, ìtàn ni à bá máa pa nípa wọn báyìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wọ igbó ìjọba lẹ́nu àìpẹ́ yìí mọ̀ pé oko kòkó ti gba ìhín wọ̀ ọ́, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń gégi sì ti gba ọ̀hún wọ̀ ọ́.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ wa kò tilẹ̀ sí lábẹ́ igbó ìjọba. Ọwọ́ ẹbí ló wà, ọwọ́ mọ́gàjí, ọwọ́ àgbẹ̀ tó jogún oko bàbá rẹ̀, ọwọ́ ẹni tó fi owó ìfẹ̀yìntì ra éékà mẹ́wàá lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Ìkirè. Ibẹ̀ ni àparò ń yé sí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ẹtu tó ṣẹ́kù ń sá pamọ́ sí. Bí ẹranko yóò bá kù fún àwọn ọmọ wa, orí ilẹ̀ aládàáni ni púpọ̀ nínú wọn yóò ti kù. Ohun tí a sì fẹ́ sọ lónìí ni pé ẹni tó ń tọ́jú ìgbẹ́ sórí ilẹ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ àgbẹ̀ gidi, ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ wa ń wò ó bí ọ̀lẹ.

Ẹni tó bá rò pé igbó tó ti lọ kò lè padà mọ́, kó lọ wo ilẹ̀ IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ ní Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí náà sílẹ̀ lọ́dún 1967, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan héktà ilẹ̀ ni wọ́n fún un, oko àti abúlé ló sì wà lórí púpọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n kó àwọn ará abúlé kúrò, ohun tí a kò gbọdọ̀ gbójú fò dá nígbà tí a bá ń yin igbó náà. Apá kan ni wọ́n fi ń ṣe ìwádìí ẹ̀gẹ́, iṣu, ẹ̀wà àti àgbàdo. Apá tó ju ọ̀ọ́dúnrún héktà lọ ni wọn kò ro mọ́. Kò tó ọgọ́ta ọdún, oko àná ti di igbó tí èèyàn ń gbórí sókè wo orí igi rẹ̀. Ẹyẹ tó ń jẹ́ orúkọ Ìbàdàn yẹn wà níbẹ̀, pẹ̀lú oríṣi ẹyẹ mìíràn tó ju igba lọ. Òjò tó ń rọ̀ síbẹ̀ náà ló ń rọ̀ sí Mọ́níyà àti Ọ̀jọ́ọ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni pé wọ́n pinnu ohun tí wọn yóò fi ilẹ̀ náà ṣe, ìpinnu ọ̀hún kò sì yí padà bí ọ̀gá kan ti ń lọ tí òmíràn ń bọ̀.

IITA lówó, ó sì lódi. Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ agbára ẹnì kan wà ní orílẹ̀-èdè Benin. Peter Neuenschwander, ọmọ Switzerland, jẹ́ onímọ̀ nípa kòkòrò, ọ̀dọ̀ IITA kan náà ló sì ti ṣiṣẹ́. Ó wà lára àwọn tó gbógun ti kòkòrò funfun tó fẹ́ pa ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà run ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n fi agbọ́n tín-ń-tín kan tó wá láti Paraguay ṣẹ́gun rẹ̀. (Ẹni tó bá jẹ ẹ̀bà lánàá, ó jẹ agbọ́n yẹn ní gbèsè.) Láti ọdún 1995 ni ó ti ń sọ ilẹ̀ tó ti ṣá di igbó ní abúlé Drabo, nítòsí Calavi, yípo igbó òrìṣà kékeré kan tó ṣẹ́kù. Ó ń kó irúgbìn àti ọmọ igi jọ láti inú àwọn igbó tó kù káàkiri gúúsù Benin, ó ń gbìn wọ́n, wọ́n sì ń ṣán koríko yí wọn ká. Gbogbo ilẹ̀ ọ̀hún kò ju nǹkan bí héktà mẹ́rìnlá lọ. Lónìí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún oríṣi ewéko ló wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀bọ oníkùn pupa, irú èyí tí agbègbè tiwa yìí nìkan ní, fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú igbó náà. Kò sẹ́ni tó lọ kó o wá.

Héktà mẹ́rìnlá. Ẹ jẹ́ kí àwọn mọ́gàjí Ìbàdàn sọ fún wa iye ẹbí tí ilẹ̀ oko wọn kò tó bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń ròyìn irú nǹkan báyìí kì í sábà sọ. Pípa ilẹ̀ tì yàtọ̀ sí títọ́jú rẹ̀. Bí o bá kàn pa oko tì lágbègbè wa, ewé Akíntọ́lá ló máa kọ́kọ́ gbà á. (Níbòmíràn Awólọ́wọ̀ ni wọ́n ń pè é, ìyẹn kù sọ́wọ́ ẹgbẹ́ tí baba oníkálukú ṣe.) Yóò hù, yóò ṣù, yóò bo ọmọ igi mọ́lẹ̀. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, yóò gbẹ, iná ọdẹ tàbí iná ẹni tó ń sun oko lójú ọ̀nà yóò wọlé, yóò sì jó Akíntọ́lá àti ọmọ igi pọ̀. Bí òjò bá rọ̀, Akíntọ́lá yóò tún yọ láti gbòǹgbò. Ọmọ igi kò ní yọ mọ́. Ogún ọdún lè kọjá lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó má tíì di igbó, kó má sì jẹ́ oko.

Àgbẹ̀ tó bá fẹ́ kó di igbó ní láti máa wọ ibẹ̀ lọ lásìkò òjò, kó wá ọmọ irókò, ọmọ arère àti ọmọ òmọ̀ rí nínú koríko, kó ri èèkàn sí ẹ̀gbẹ́ wọn kí àdá má baà ṣèèṣì bẹ́ wọn, kó sì ṣán Akíntọ́lá kúrò lára wọn. Kí ọyẹ́ tó dé, yóò ro etí ilẹ̀ náà yíká, yóò sì gbá ewé gbígbẹ rẹ̀ kúrò, kó fẹ̀ tó èyí tí iná kò lè fò. Iṣẹ́ ọdún bíi mélòó kan ni. Nígbà tí orí igi bá ti kan ara wọn lókè, tí ibòòji bo ilẹ̀, Akíntọ́lá á bẹ̀rẹ̀ sí í kú fúnra rẹ̀, nítorí oòrùn ló ń jẹ. Láti ìgbà náà lọ, iṣẹ́ fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ṣe ti ìbẹ̀rẹ̀ kò ní dé ibẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ irókò tí a dárúkọ yẹn. Èyí tó wà lóko yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àdán ló gbìn ín. Àdán ńláńlá, irú àwọn tó ń pariwo lórí igi nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, máa ń jẹ èso irókò lóru, wọn á fò jìnnà, wọn á sì yàgbẹ́ irúgbìn rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò rán wọn. Èèyàn náà ti gbìyànjú láti gbìn ín. Bí wọ́n bá gbin irókò nìkan jọ sójú kan, kòkòrò kékeré kan máa ń dà á láàmú, ewé àti ọ̀mùnú rẹ̀ á wú ní kókó-kókó, orí ọmọ igi á sì kú. Èyí tó dá hù láàárín àwọn igi mìíràn máa ń bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò náà jù. Nítorí náà, ọmọ irókò kan tí àdán gbìn tí àgbẹ̀ dá sí kì í ṣe ohun tí a lè fi ọmọ igi inú ọ̀rá rọ́pò bí ó bá ti wù wá.

Igi tó ti gbó, tó ti ń kú lórí ìdúró, náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Àtíòro, ẹyẹ tí àgógó ẹnu rẹ̀ tóbi ju orí rẹ̀ lọ, kì í kọ́ ìtẹ́ bíi ti ẹ̀gà. Ihò igi ńlá ni abo rẹ̀ máa ń wọ̀, yóò fi ẹrẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ara rẹ̀, àlàfo tóóró kan péré ni yóò kù tí akọ yóò máa gbà fún un lóúnjẹ títí ọmọ yóò fi gbó. Ọ̀sẹ̀ gbáko lórí ọ̀sẹ̀ gbáko ló fi ń wà nínú túbú yẹn. Bí kò bá sí igi tó tóbi tó níhò, àtíòro kò ní yé, bó ti wù kí èso pọ̀ ládùúgbò tó. Bẹ́ẹ̀ òun náà wà lára àwọn tó ń kó irúgbìn igi igbó kiri. Igi tó bá wà lórí ọ̀nà tàbí tó kọrí sí ahéré, kí wọ́n gé e. Èyí tó wà láàárín ìgbẹ́ tí kò di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kí ló dé tí a fi ń gé e? Nítorí kí oko lè “mọ́” lójú àlejò ni.

Etí odò ni a ó kọ́kọ́ bẹ àwọn onílẹ̀ kí wọ́n fi sílẹ̀. A ti ro àkùrọ̀ dé ojú omi gan-an nítorí ẹ̀fọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ ń wó sínú odò, odò tó máa ń ṣàn kọjá ọyẹ́ tẹ́lẹ̀ sì ń gbẹ kí Kérésìmesì tó dé. Bí àgbẹ̀ bá fi ogún ìṣísẹ̀ sílẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì odò kó di ìgbẹ́, kò pàdánù púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹbí tó wà lókè odò àti èyí tó wà nísàlẹ̀ bá ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, ó di ọ̀nà tí ẹtu, ìgalà àti ọ̀kẹ́rẹ́ lè gbà láti igbó kan dé òmíràn láì bọ́ sí gbangba. Ìgbẹ́ kékeré tó dá wà láàárín ẹ̀gẹ́ kì í mú ẹranko dúró pẹ́. Èyí tó so mọ́ òmíràn ló ń mú un dúró, ìdí sì nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi lè jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo lábúlé.

Kòkó náà kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Òdòdó kòkó kéré, kòkòrò kan tó kéré ju ẹ̀fọn lọ ló sì ń gbé àtíkè rẹ̀ láti òdòdó kan sí èkejì. Inú ewé jíjẹrà àti ẹrẹ̀ tútù abẹ́ igi ni kòkòrò yẹn ti ń pa. Àgbẹ̀ tó bá gbá abẹ́ kòkó rẹ̀ fínnífínní, tó sì bẹ́ gbogbo igi ibòòji, ó ń lé àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ láìgba owó. (Èèpo tó ní àrùn dúdú ni kó sin, ìyẹn yàtọ̀.) Àwọn òyìnbó tó ń rà á ti ń béèrè báyìí: òfin tí àjọ ilẹ̀ Yúróòpù ṣe lọ́dún 2023 ní àwọn kò ní gba kòkó tó ti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn ìparí ọdún 2020 wá. Wọ́n ti sún ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n wọn kò tíì wọ́gi lé e.

A gbọ́ ohun tí àwọn àgbẹ̀ yóò sọ. Wọ́n á ní ọ̀yà ń jẹ ẹ̀gẹ́, ọ̀bọ ń já kòkó, òòrẹ̀ ń hú iṣu, àwọn olóòtú ìwé ìròyìn sì jókòó sábẹ́ fáànù wọ́n ń ní ká dá ìgbẹ́ sí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí a má kó gbogbo ẹranko pọ̀ sínú àpò kan. Koríko ni ọ̀yà ń jẹ, inú eéran àti ìgbẹ́ tí iná ń jó lọ́dọọdún ló fẹ́ràn. Bí igbó bá ti ṣókùnkùn, kì í sábà jókòó síbẹ̀. Oko tí a pa tì fún iná ló ń tọ́ ọ̀yà. Òun àti òkété ń bí púpọ̀, wọ́n sì ń bí léraléra, ọdẹ lè pa lára wọn kí wọ́n má tán. Akíka, ẹranko oníìpẹ́ tó máa ń ká jọ bí ó bá fura, ẹyọ ọmọ kan ló sábà ń bí lẹ́ẹ̀kan. Òfin àgbáyé ti ka títà rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn léèwọ̀ láti ọdún 2017, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì. Onílẹ̀ ló láṣẹ láti sọ fún ọdẹ pé: pa ọ̀yà, fi akíka sílẹ̀, má wọ etí odò yẹn lásìkò tí ẹran ń bímọ. Ọ̀bọ tó ń já kòkó kò ní oògùn tó rọrùn. Ìṣọ́ ni, àti kí èèyàn má gbin ohun tó dùn mọ́ ọn nínú mọ́ ẹ̀gbẹ́ igbó gẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ní kò sí ìpàdánù kankan níbẹ̀ ń tan àgbẹ̀ jẹ.

Ṣé àwọn baba wa kò mọ èyí ni? Wọ́n mọ̀ ọ́n. Igbó orò, igbó ìgbàlẹ̀, igbó Ifá wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìlú, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ro ó. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tó jẹ́ héktà márùndínlọ́gọ́rin, tí UNESCO kọ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005, ni èyí tí aráyé mọ̀. Àwọn kéékèèké tí ìdílé ní ti ń di ilé ìtajà. Ẹ̀rù ló ń ṣọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù yẹn ti lọ, a kò sì tíì fi ìwé kankan rọ́pò rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Bí ìjọba bá fẹ́ gba ilẹ̀ fún ọ̀nà tàbí fún iṣẹ́ ìlú mìíràn, abala 29 ló sọ ohun tí wọn yóò san. Irè oko, wọ́n á san án. Ilé àti ohun tí èèyàn ṣe sórí ilẹ̀, wọ́n á san án. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀, owó ìsanlẹ̀ ọdún yẹn péré ni. Nígbà tí òfin náà sì ń túmọ̀ ohun tí èèyàn ṣe sórí ilẹ̀, ó ní ó gbọdọ̀ jẹ́ ohun tó ti ara owó tàbí làálàá ẹni tó wà lórí ilẹ̀ jáde. Ó dárúkọ ilé, ọgbà, kànga, ojú ọ̀nà, àti oko igi tó ń pẹ́ láyé.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sójú oko. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò pín ilẹ̀ bàbá wọn. Ẹ̀gbọ́n gbin tíìkì, ó tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Àbúrò dá etí odò sí, ó ń ṣán Akíntọ́lá, ó ń ro etí ilẹ̀ nítorí iná fún ọdún méjìlá, irókò, arère àti àràbà ga lórí ilẹ̀ rẹ̀, àtíòro ń yé níbẹ̀. Ìjọba dé pẹ̀lú ọ̀nà tuntun. Àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ ka igi ẹ̀gbọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ iye owó rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ àbúrò, wọ́n kọ “ìgbẹ́”. Igi tí èèyàn gbìn wà nínú ìwé. Igi tí àdán gbìn kò sí níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àdá àbúrò ló mú un yè. Bẹ́ẹ̀ bí ó bá jẹ́ làálàá ni òfin ń wá, làálàá wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ.

Ti ìjọba tilẹ̀ rọrùn. Lójú ajagungbalẹ̀ àti lójú ọmọ ẹbí tó wà ní ìgboro, ilẹ̀ tí kò sí ebè lórí rẹ̀ kò ní olówó. Ìpínlẹ̀ Èkó àti Ògùn ṣe òfin lòdì sí àwọn ajagungbalẹ̀ lọ́dún 2016, ó sì dára. Ṣùgbọ́n bí ẹjọ́ bá dé kóòtù, oko àti ilé ni ẹlẹ́rìí máa ń nàka sí, ta ló máa nàka sí ìgbẹ́? Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ tún burú jù: igi tó bá dá sí kò ní jẹ́ tirẹ̀ láé. Àgbẹ̀ tó sì dá irókò sí láàárín kòkó mọ̀ pé ọjọ́ kan ni àwọn onígẹdú yóò dé pẹ̀lú ìwé àṣẹ, igi yóò wó lu kòkó rẹ̀, owó yóò gba ibòmíràn lọ. Ohun tó mú kí ọ̀pọ̀ wọn máa fi àdá bẹ́ ọmọ irókò nígbà tó ṣì kéré nìyẹn. A kò lè bú wọn. Òfin ló kọ́ wọn.

Kò pọn dandan kó rí bẹ́ẹ̀. Ní Texas ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ilẹ̀ tó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ ló jẹ́ ti aládàáni. Láyé ìgbà kan, ẹni tó ń sin màlúù tàbí tó ń gbin ọ̀gbìn ló ń gba ẹ̀dínwó owó orí ilẹ̀, ẹni tó bá kó màlúù kúrò nítorí ẹranko ìgbẹ́ sì lè pàdánù rẹ̀. Lọ́dún 1995, àwọn ará ìpínlẹ̀ náà dìbò láti yí i padà. Iṣẹ́ méje ni òfin kà sílẹ̀: títún ibùgbé ẹranko ṣe, dídá ọ̀gbàrá dúró, dídín àwọn apẹranjẹ kù, pípèsè omi, pípèsè oúnjẹ, pípèsè ibi ìsádi, àti kíka iye ẹranko tó wà níbẹ̀. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ ti wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí oko, tó sì ṣe mẹ́ta nínú méje yìí, àgbẹ̀ ni lójú òfin bíi ti ẹlẹ́ran. Ní Brazil, onílẹ̀ lè fúnra rẹ̀ lọ bá ìjọba pé òun ya apá kan ilẹ̀ òun sọ́tọ̀. Wọn yóò kọ ọ́ mọ́ ìwé ilẹ̀ náà títí láé, kò sì ní san owó orí lórí apá yẹn mọ́. Ní Bahia, níbi tí àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú ti tún òrìṣà wọn gbìn, irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀.

A kò ní kí wọ́n kó ti òkèèrè wá bó ti rí. Àgbẹ̀ wa kì í san owó orí ilẹ̀ tó pọ̀ débi tí ẹ̀dínwó yóò dùn mọ́ ọn, “títí láé” sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹbí Yorùbá kankan kò ní fọwọ́ sí. Ohun tí onílẹ̀ tiwa ń bẹ̀rù ni kí ilẹ̀ má lọ mọ́ òun lọ́wọ́, kí làálàá òun má sì di òfo. Ibẹ̀ ni kí òfin ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹbí tó bá fẹ́ lè kọ apá kan ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìgbẹ́ tí wọ́n ń tọ́jú, fún ogún ọdún, kí sọ̀féyọ̀ wọ̀n ọ́n láìgba owó gọbọi, kí ìwé yẹn sì jẹ́ ẹ̀rí níwájú adájọ́ pé wọ́n ń lo ilẹ̀ náà. Kí òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn máa wá wò ó bóyá wọ́n ń ṣán an, bóyá wọ́n ń ro etí rẹ̀ nítorí iná. Ẹbí tí kò bá ṣiṣẹ́, kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀.

Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ fẹ́ràn ọjọ́ ìgbin-igi ju èyí lọ, nítorí ó dùn ún yà ní fọ́tò. Mẹ̀línà àti tíìkì ni púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń gbìn. Nínú igbó Ọmọ kan náà, ilẹ̀ rẹpẹtẹ ni wọ́n ti gbin mẹ̀línà sí nítorí ilé-iṣẹ́ ìwé tó wà ní Ìwópin. Pákó ni igi bẹ́ẹ̀ ń mú wá, a kò kẹ̀yìn sí pákó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pe ìlà tíìkì ní ibùgbé ẹranko, kó wọ abẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ kó tẹ́tí, yóò mọ̀.

Ará ìlú ńlá náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ ra ilẹ̀ ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì, ẹ fi íntálọ́ọ̀kì bò ó láti géètì dé ògiri ẹ̀yìn, ẹ gé igi fúrúùtù nítorí ewé, ẹ sì ń ṣe kàyéfì pé ooru mú. Ẹ fi igun kan sílẹ̀.

Àwọn mọ́gàjí àti olórí ẹbí ni a tún fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ṣókí. Kí ẹ tó ta èyí tó kù létí odò fún àwọn tó ń pín in ní púlọ́ọ̀tì, ẹ pe àwọn ọmọ ẹbí jókòó, ẹ yọ apá ibi tí ẹrẹ̀ kò ní jẹ́ kí ilé dúró dáadáa, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo ẹ̀ka ẹbí tẹ̀ka sí i. Ibẹ̀ ni àkúnya omi ń kọ́kọ́ dé lọ́nàkọnà. Ẹni tó rà á lọ́wọ́ yín yóò sì máa fi yín bú.

Ní ti gómìnà Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn, Oǹdó, Èkìtì àti Èkó, a mọ ìdáhùn wọn. Wọ́n á ní Òfin Lílo Ilẹ̀ wà lábẹ́ ààbò ìwé òfin orílẹ̀-èdè, ọwọ́ ìpínlẹ̀ kò tó o. Òótọ́ ni pé àtúnṣe òfin náà fúnra rẹ̀ ṣòro. Ṣùgbọ́n abala 29 yẹn kan náà fi iye owó irè oko sí ìkáwọ́ olórí òṣìṣẹ́ ilẹ̀ ìpínlẹ̀. Kòkó wà nínú ìwé iye owó wọn, ọ̀pẹ wà níbẹ̀, obì àti ọsàn wà níbẹ̀. Kí wọ́n fi irókò, arère, òmọ̀ àti àràbà tí àgbẹ̀ dá sí kún un, ì báà jẹ́ èèyàn ló gbìn ín, ì báà jẹ́ àdán. Kò gba ìbò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Àbújá. Ó gba kí kọmíṣọ́nnà kan pe olórí òṣìṣẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, kó sì ní kó tún ìwé náà kọ.